Phase Contrast àbí Darkfield: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé?

Ẹni tó bá ti ní máíkírósíkóòpù nílé, tó ti wo awọ àlùbọ́sà, iyọ̀ àti apá eṣinṣin títí ó fi sú u, kò ní pẹ́ bu omi adágún wá. Yóò kán an sórí síláìdì, yóò tẹjú mọ́ ọn, ohun tí yóò rí kò sì ní ju òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀dá kún inú omi náà, àmọ́ ara wọn mọ́ gaara débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá láìfi àmì sílẹ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n láró, wọ́n á hàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aró ló ń pa wọ́n, òkú kì í sì í lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀nà méjì tí àwa tá à ń fi ẹ̀rọ yìí najú ń gbà yọ ni phase contrast àti darkfield. Mo ti lo méjèèjì níbí ní Ìlọrin, lórí tábìlì kan náà, owó mi sì ti ṣòfò lórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò bá tíì ra ni mo ń kọ èyí fún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Darkfield kò ní àdììtú. Ẹ fi nǹkan dúdú róbótó dí àárín ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ kọ́ndẹ́ńsà, ìyẹn awò abẹ́ síláìdì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ìmọ́lẹ̀ á wá máa yọ láti ẹ̀gbẹ́ nìkan, á dàgẹ̀rẹ̀ débi pé kò ní wọ inú lẹ́ǹsì tó dojú kọ síláìdì rárá. Kìkì èyí tó bá kọlu nǹkan lórí síláìdì tó sì ta yà ló máa wọlé. Ojú ibẹ̀ á dúdú kirikiri, ohun tó wà níbẹ̀ á sì máa tàn.

Phase contrast ní ọgbọ́n nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Frits Zernike, ará Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Groningen, ló ronú rẹ̀ kàn ní àwọn ọdún 1930, òun ló sì tìtorí rẹ̀ gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1953. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ohun tó mọ́ gaara kọjá máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì rẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè rí ìfàsẹ́yìn yẹn. Òrùka kan wà ní kọ́ndẹ́ńsà, òrùka kejì wà nínú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń sọ ìfàsẹ́yìn náà di dúdú àti funfun tí ojú lè rí.

Ohun tí ẹ máa rí

Ẹ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, kí ẹ kán díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sórí síláìdì. Lábẹ́ darkfield, ọ̀rá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á kún gbogbo ojú, á máa gbọ̀n, á máa tàn. Ẹ bu omi Odò Asà níbi tí kò ti ń ṣàn púpọ̀, ẹ ó rí diatom, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ bí ewéko tó ń gbé inú omi: silica ni èèpo ara wọn, ohun kan náà tó pọ̀ jù nínú gíláàsì, darkfield sì máa ń yọ ìlà ara wọn jáde lọ́nà tí mi ò tíì rí ọ̀nà mìíràn tó ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Tanwíjí ńkọ́? Ó nípọn jù fún phase. Phase a máa fi ìmọ́lẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀ yí etí nǹkan ká, bí nǹkan náà bá sì ti nípọn, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àmọ́ ẹ bu omíkan ògì wá, ọ̀rọ̀ á yí padà. Phase á fi yíìsì hàn yín níbi tó ti ń yọ ọmọ lára, á sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Bákan náà ni sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi igi ìtayín ha láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́: ẹ ó rí kókó àárín rẹ̀ kedere. Darkfield kò ní fi ju etí rẹ̀ lọ hàn yín dáadáa.

Eruku, iná àti fóònù

Darkfield kì í fojú fo ẹ̀gbin. Eruku, ìtẹ̀ka, ojú ibi tí síláìdì ti ha, gbogbo rẹ̀ ló máa tàn. Nígbà ọyẹ́ níbí, tí eruku ń bà lé àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ẹ nu síláìdì àti kófásílíìpù dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Phase kò le tó bẹ́ẹ̀. Darkfield tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju ti ìwòran lásán lọ, nítorí èyí tó ń wọ lẹ́ǹsì kò tó nǹkan. Tí ẹ̀rọ yín bá ń lo LED, páwà báǹkì lè gbé e nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Fóònù ń ya àwòrán méjèèjì.

Ṣé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà. Ohun mẹ́ta ni phase, ọ̀kan kò sì wúlò láìsí àwọn yòókù. Èkíní ni lẹ́ǹsì tí wọ́n ti fi òrùka sínú rẹ̀, tí wọ́n kọ Ph, Ph1, Ph2 tàbí Ph3 sí lára. Èkejì ni kọ́ndẹ́ńsà tó ní òrùka tirẹ̀ fún lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, nítorí òrùka 10x kì í sábà bá 40x mu. Ẹ̀kẹta ni awò kékeré kan tí a ń fi rọ́pò lẹ́ǹsì ojú fún ìgbà díẹ̀, kí a lè rí òrùka méjèèjì, ká sì máa yí sùkúrúù títí ọ̀kan fi bo èkejì pátápátá. Bí wọ́n bá yẹ̀ fún ara wọn díẹ̀ báyìí, phase ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń tajà kì í sọ ìyókù. Ph2 ilé-iṣẹ́ kan lè má jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú Ph2 ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì: 160, ìyẹn gígùn ọ̀pá ẹ̀rọ ní mìlímítà, ni ti àtijọ́ àti ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ∞, àmì aláìlópin, ni ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kì í fi èkejì ya àwòrán tó dára.

Èyí tí mo rà, tókùnbọ̀ ni. Kí n tó sanwó, mo fi fọ́tò ẹ̀rọ mi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń tà á, ó ní yóò bá a mu, pé gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló pé. Ọjà dé Èkó, wọ́n fi í sínú mọ́tò wá sí Ìlọrin, mo lọ gbà á ní gáréèjì. ∞ ló wà lára ẹ̀rọ mi, 160 ló wà lára lẹ́ǹsì. Òrùka kọ́ndẹ́ńsà tóbi ju ti inú lẹ́ǹsì lọ. Awò kékeré yẹn kò sí nínú páálí rárá. Mo pè é. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tókùnbọ̀ kì í padà.” Ọmọ odó láìsí odó ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti máíkírósíkóòpù fúnra rẹ̀.

Ẹ wá fi darkfield wé e. Ẹ yọ lẹ́ǹsì ojú, kí ẹ máa wo inú ọ̀pá. Ẹ máa pa ihò kọ́ndẹ́ńsà díẹ̀díẹ̀ títí etí rẹ̀ fi kan etí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí. Ẹ wọn bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ gé páálí dúdú róbótó tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹ fi í síbi tí wọ́n ń fi gíláàsì aláwọ̀ sí lábẹ́ kọ́ndẹ́ńsà. Ó tán. Páálí dúdú ò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìwé. Lẹ́ǹsì 4x tí NA rẹ̀ (nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tó lè gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó) jẹ́ 0.10 àti 10x tó jẹ́ 0.25 kì í yọni lẹ́nu. 40x tó jẹ́ 0.65 ń fẹ́ sùúrù, páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì wà láàárín gangan. Ní 100x, tí NA rẹ̀ jẹ́ 1.25, páálí ti kú: kọ́ndẹ́ńsà darkfield tí a ń kán òróró sí ni yóò fẹ́, àti lẹ́ǹsì tí ihò rẹ̀ ṣeé pa kù. Ìyẹn náà lówó lórí, phase sì ń jàre níbẹ̀.

Èmi ní tèmi

Méjèèjì ló ní ibi tó dára sí. Ẹni tó jẹ́ pé bakitéríà àti sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni iṣẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọmọ tó ń kọ́ máíkíróbáyọ́lọ́jì ní Unilorin, phase ló máa sìn ín jù, ilé-ẹ̀kọ́ á sì bá a rà á. Àwa tó kù, omi adágún ni, omi wàrà ni, ohun tó rọ̀ mọ́ gbòǹgbò ewéko inú omi ni. Mo mọ èyí tó wà lábẹ́ kọ́ndẹ́ńsà mi lálaalẹ́. Kódà tí òkùnkùn bá sú yín, ẹ fi ọ̀rá súwíìtì aláwọ̀ búlúù rọ́pò páálí dúdú, ojú ibẹ̀ á di búlúù, ẹ̀dá inú omi á sì funfun lórí rẹ̀. Julius Rheinberg ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1896.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà lára phase, kó ra lẹ́ǹsì, kọ́ndẹ́ńsà àti awò kékeré náà láti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, pa pọ̀, fún irú ẹ̀rọ tó ní gan-an. Kó sì ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò òrùka méjèèjì níbi tí wọ́n ti bo ara wọn, lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Bí onítọ̀hún bá ní fọ́tò yẹn kò ṣeé yà, kó má sanwó.