Àgbo Ẹlẹ́wẹ́ Ọmọ àti Kápúsù Inú Mọ́tò: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Ìtọ̀ Ṣúgà?

Ẹ wọ mọ́tò ní Ṣàgámù, kí ẹ tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan á ti dìde, á máa polówó kápúsù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya Òkè-Àjẹ, ẹlẹ́wẹ́ ọmọ náà ní tirẹ̀ nílẹ̀.

Owó: àgbo ò wọ́n tó kápúsù.

Mímu: kápúsù borí. Ewúro tí wọ́n fi ń ṣe àgbo korò, kò sí àdúrà tó lè yí i padà.

Ìpamọ́: àgbo tí a fi omi sè, bí a ò bá gbé e kaná lójoojúmọ́, á kan láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ti ògógóró kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọtí òun oògùn ṣúgà kì í ṣọ̀rẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: ibí lowó ti ń ṣòfò. Ọlọ́jà á gbé páálí sókè: “Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC!” Ẹ wò ó lóòótọ́, ẹ wò ó dópin. Bí L bá gbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gba ọjà náà láyè lórí igbá ni, NAFDAC kò jẹ́rìí pé ó ń wo àìsàn kankan. Ẹ wá gbólóhùn wínníwínní tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Ọlọ́jà tó ka gbogbo páálí tán kì í ka ibẹ̀.

Kápúsù tí kò ṣiṣẹ́, owó nìkan ló gbé lọ. Èyí tó ṣiṣẹ́ wàràwàrà ni kẹ́ ẹ sá fún. Ní Singapore lọ́dún 2008, wọ́n bá glibenclamide, ojúlówó oògùn ìtọ̀ ṣúgà, nínú oògùn agbára ọkùnrin tí kò gbàṣẹ, tí wọ́n ń pe àwọn kan nínú wọn ní egbòogi. Èèyàn mẹ́rin kú. Ẹni tó ti ń lo oògùn ọsibítù tó tún gbé irú ìyẹn mì, ṣúgà rẹ̀ lè já wá sábẹ́ 70 mg/dL lórí ẹ̀rọ: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ojú á ṣú. Omi ṣúgà á gbé e dìde, àmọ́ glibenclamide lè wà lára di ọjọ́ kejì, ṣúgà á tún já. Ẹ má jẹ́ kó lọ sùn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ewúro ti fa ṣúgà wálẹ̀ lára eku tí wọ́n fi dán an wò. Ìyẹn ò sọ iye ife tó tọ́ séèyàn, ife tòní ò sì le bíi tàná. Ó kéré tán, ẹ fojú rí ewé.

Ẹ̀rí “ṣúgà mi ti wálẹ̀” ńkọ́? Ẹni tó mu gàrí Ìjẹ̀bú sùn lánàá, tó jẹ ẹ̀wà lónìí, nọ́ńbà rẹ̀ á yàtọ̀ láìlo nǹkan kan. Àyẹ̀wò HbA1c ni kẹ́ ẹ béèrè, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ká má gbè sẹ́yìn ẹnì kan: kápúsù dáa fún arìnrìn-àjò, kì í dà sínú báàgì. Bí ẹ bá ṣáà máa ra ọ̀kan, ẹ ra ewúro tútù, ẹ fi se ọbẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó kápúsù ra strip ẹ̀rọ ṣúgà. Ẹ má dá metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí dókítà kọ fún yín, dúró. Ẹ sì sọ àgbo tí ẹ bá ń mu fún dókítà, kódà bó bá máa bínú.