Ìparí Lost àti ti Battlestar Galactica: ẹjọ́ àwọn wo ló tọ́ jù?

Oṣù Kẹta 2009 ni Battlestar Galactica, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń sá kiri nínú gbalasa òfúrufú, parí ní Amẹ́ríkà; Lost, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tí ọkọ̀ òfúrufú wọn já sí erékùṣù kan, parí ní oṣù Karùn-ún 2010. Inú bí ọ̀pọ̀ olùwòran méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wọn yàtọ̀.

Àwọn ti Lost ní àdììtú erékùṣù náà kò tú tán. Àwọn kan tiẹ̀ ṣì í gbọ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ọkọ̀ wọn já náà ti kú, bẹ́ẹ̀ Jack, olú ẹ̀dá ìtàn náà, bàbá rẹ̀ là á yé e nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé òótọ́ ni gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Ajá tó wá dùbúlẹ̀ ti Jack níbi tó ti ń kú lọ, omijé ló fà lójú mi.

Ti Galactica ńkọ́? Lee yíjú padà báyìí, Starbuck, obìnrin awakọ̀ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti pòórá, kò sí àlàyé. Ẹ̀sùn yìí ló wúwo lójú mi.