Hand control fún awakọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́: èyí tó tó owó rẹ̀, èyí tí kò tó o

Awakọ̀ tí ìjàǹbá ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣì lè padà sójú títì n'Ílọrin, bí apá rẹ̀ bá lágbára, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tòmátíìkì. Hand control ló ń ṣe é: ọ̀pá kan lábẹ́ sítíárìn tí ọwọ́ òsì ń tì síwájú fún bíréèkì, tó sì ń fà mọ́ra fún tọ́tù, ìyẹn iná ọkọ̀ tó ń mú un sáré. Oríṣi mẹ́ta lèèyàn lè bá pàdé: èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọkọ̀, èyí tí wọ́n kàn ń há mọ́ pẹ́dà, àti èyí tí wẹ́dà fi páìpù jó pọ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló tó owó rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje. Niki Lauda jóná ní pápá ìdíje Nürburgring lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1976. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ó ti padà síbi ìdíje ní Monza, ó sì ṣe ipò kẹrin. Ojú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ pẹ́dà. Ti Alex Zanardi yàtọ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì ló lọ nínú ìjàǹbá ní pápá ìdíje Lausitzring lọ́dún 2001. BMW gbé tọ́tù sórí sítíárìn fún un, ó sì gba ipò kìíní ní Oschersleben lọ́dún 2005. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló ṣì fi ń tẹ bíréèkì nígbà náà. Ní Daytona lọ́dún 2019, ọwọ́ ló wá fi ń ṣe é. Tọ́tù kò ṣòro fún ọwọ́. Bíréèkì ni iṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń yin èyí tí wọ́n fi bóòtù dè. Abẹ́ sítíárìn ló ti rí ibi fara tì, nítorí náà gbogbo agbára apá ló ń dé orí pẹ́dà. Bí mẹkáníìkì bá dè é tán, ẹ má tíì san owó. Ẹ fa tọ́tù dópin, kí ẹ wá ti bíréèkì: tọ́tù gbọ́dọ̀ padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ké, wọn kò gé ọ̀pá tọ́tù bó ṣe yẹ. Ẹ ti bíréèkì dópin pẹ̀lú. Ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ kan dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí orúnkún kí pẹ́dà tó dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ti bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á tán, pẹ́dà á sì le gan-an. Bó ṣe máa rí nìyẹn bí ọkọ̀ bá kú lójijì nínú gosiló Ìpàta. Kí ẹnìkan di hand brake mú lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ kékeré, kó máa tú u díẹ̀díẹ̀. Bí apá yín kò bá lè dá ọkọ̀ náà dúró, ó ṣì kù kí apá náà lágbára sí i, ẹ má gbé e jáde.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló máa kù fún sítíárìn, nítorí náà ẹ ra nóòbù, ohun róbótó tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kí ọwọ́ kan lè máa yí i. Láìsí i, róńdábáòtù á dá yín lágara. Àbùkù kan tí irinṣẹ́ yìí ní ni ti tráfíkétọ̀: ọwọ́ òsì tó wà lórí tọ́tù ló tún gbọ́dọ̀ tàn án. Ẹ tàn án kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ yà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ gbọ́dọ̀ ní páànù ìdábòòbò níwájú pẹ́dà, torí ẹsẹ̀ lè yọ̀ sábẹ́ bíréèkì láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Bọ́ǹpù àti kòtò ló ń tú bóòtù. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí bóòtù dé ara nọ́ọ̀tì. Bí ìlà náà kò bá ṣe déédéé mọ́, nọ́ọ̀tì ti yí. Ẹni tó bá ń ná Ìlọrin sí Ọ̀fà gbọ́dọ̀ máa wò ó kó tó gbéra.

Èyí tí wọ́n ń há mọ́ pẹ́dà fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ dè. Ó dára fún yíyí ọkọ̀ nínú ọgbà. Àmọ́ kò fara ti ibì kankan, ọwọ́ ló ń gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, rọ́bà pẹ́dà sì máa ń jẹ́ kó yọ̀.

Ti wẹ́dà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. A mọ̀ pé owó rẹ̀ kéré, a sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn wẹ́dà wa dá ṣáṣá lórí géètì àti bọ́dì ọkọ̀. Ojú ibi tí wọ́n jó ló ń kọ́kọ́ sán, ní abẹ́ tí ojú kì í tó, iná wẹ́dà sì lè ba wáyà tó wà lábẹ́ sítíárìn jẹ́. Bí owó kò bá tíì tó ra èyí tí wọ́n fi bóòtù dè, kí ẹlòmíràn ṣì máa wa ọkọ̀ náà.