Ọ̀bẹ apá tí wọ́n ní Ahaggar ni ó ti wá

Ọ̀bẹ tí mo rà ní ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọnà kan ní Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r, dára ju owó tí mo san lé e lọ, ṣùgbọ́n káàdì tí wọ́n so mọ́ ọn kò sọ òótọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ṣe é. “Ahaggar, Àlgéríà” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Sẹ́fà 25,000 ni mo san lẹ́yìn tí a ti na ọjà títí ó fi sú àwa méjèèjì, n kò sì kábàámọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi mọ̀ ni bí a ṣe ń yẹ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ wò kí a tó gba ọlọ́jà gbọ́.

Telek ni àwọn Tuareg, ìran darandaran aṣálẹ̀ Sàhárà, ń pè é. Inú apá òsì ni wọ́n ń so ó mọ́, lábẹ́ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ wọn, tí èèkù yóò wà níhà ọrùn ọwọ́ kí ọwọ́ ọ̀tún lè tètè fà á yọ. Òrùka awọ tó wà lára àkọ̀ ni wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀. Àwọn Haúsá àti àwọn Tubu náà a máa so ọ̀bẹ mọ́ apá, nítorí náà òrùka yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Èèkù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti Tuareg a máa dà bí àgbélébùú, gẹ́gẹ́ bí ti takoba, idà gígùn wọn, tí ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí Búzú ń ṣọ́ lóru ti lè rí rí. Èyí tó bá tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, níhà Mòrókò ni kí ẹ máa wá a.

Ibi tí ó ti le ni mímọ̀ bóyá ti Aïr, ilẹ̀ olókè ní àríwá Nìjẹ̀r, ni, ti Ahaggar, tàbí ti agbègbè Timbuktu ní Málì. Èèkù tèmi jẹ́ awọ pupa àti awọ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ máa ṣe bí aró. Páànù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ti lu ihò ọnà sí lára, ni wọ́n fi bo awọ ewé náà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yọjú láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Agadez, olú ìlú Aïr, ni èyí sábà máa ń jẹ́. Láti ilẹ̀ Haúsá, pàápàá Kano, ni irú awọ ewé bẹ́ẹ̀ ti ń wọ aṣálẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Awọ tí àwọn ará Timbuktu ń ṣe yàtọ̀: wọ́n a máa fi ọ̀bẹ ha á, wọn a sì fi ọ̀dà kun ún. Awọ àti idẹ tí wọ́n fi ń bo èèkù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán o. Ọ̀pọ̀ Tuareg kì í fẹ́ kí ọwọ́ wọn kan irin gbayawu, nítorí àwọn iwin aginjù tí wọ́n ń pè ní Kel Essuf.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi awọ nìkan búra. Àwọn inadan, ìran alágbẹ̀dẹ wọn, kì í gbé ojú kan. Ọ̀dá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 àti ti 1984 pa ẹran ọ̀sìn àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn, púpọ̀ nínú wọn sì wọ ìlú ńlá lọ láti máa ṣiṣẹ́ fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Agadez lè máa rọ irin ní Tamanrasset, ìlú ńlá Ahaggar, kí ọjà rẹ̀ sì wà ní Niamey.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ojú ọ̀bẹ náà mú, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Nígbà tí mo gbé e síta nínú oòrùn, mo rí eyín wẹ́wẹ́ nídìí rẹ̀, níbi tó ti wọ èèkù: fáìlì tí wọ́n ti lò gbó ni wọ́n tún rọ, irin gidi sì nìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé èèkù ń mì díẹ̀, òrùka awọ náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò kọjá àtàǹpàkò mi, èyí tó fi hàn pé ara ògiri ni wọ́n ṣe é fún.

Mo fi èdè Haúsá díẹ̀ tí mo gbọ́ bi ọlọ́jà léèrè ẹni tó ṣe é. Ó ké sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́, ó ní òun ni òun rán awọ rẹ̀, ọmọ Agadez sì ni òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà yọ káàdì kúrò lára ọ̀bẹ mi, ó sì so ó mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e lórí àtẹ.