Àgbéyẹ̀wò: Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà fún ìyá mi nítorí Parkinson, ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mú mi jókòó kọ èyí. Ìsàlẹ̀ ìwé èsì tí wọ́n nà sí wa lórí kántà ilé tí wọ́n ti ń ya àwòrán ọpọlọ ló wà: "Tí a bá fi wé àwòrán àkọ́kọ́, àrùn náà ti tẹ̀ síwájú gan-an." Ìyá mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó ní, "Ó parí nìyẹn." Ẹni tó ń de bọ́tìnnì ara rẹ̀, tó ń rìn láìmú ọ̀pá, tí oògùn rẹ̀ ṣì ń ràn án! Mo bi ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé ta ló máa ṣàlàyé èsì náà fún wa. Ó ní dókítà tó ní ká wá ya àwòrán ni. Mo ní ọjọ́ tí a máa rí dókítà yẹn ṣì jìnnà, ṣé kò sẹ́ni tó lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fún yín níwèé." Kò yájú sí mi, kò sì pariwo. Ó kàn ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Kí n tó máa bá ìbínú yìí lọ, ó tọ́ kí n sọ oore tí wọ́n ṣe wá nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi ti ń gbọ̀n tipẹ́. Dókítà kan ní Parkinson ni, àrùn tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń darí ìrìn àti ọwọ́, òmíràn ní gbígbọ̀n tó máa ń wà nínú ìdílé ni, kì í ṣe Parkinson rárá. MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, tí wọ́n ti yà fún un kò fi nǹkan kan hàn. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, torí MRI tí wọ́n ń yà lójoojúmọ́ kì í fi hàn pé dopamine, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ kí ara lè rìn bó ṣe yẹ, ti ń dín kù. DaTscan, irú àwòrán tí a wá yà níbí, ló ń fi í hàn. Abẹ́rẹ́ ioflupane ni wọ́n ń fún èèyàn, oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, tó máa ń lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń gbà kó dopamine padà sínú. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú, kò sí ẹnu ọ̀nà mọ́, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Nínú ọpọlọ tó pé, ibi tó ń tàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì máa ń rí bí àmì kọ́mà. Parkinson á máa jẹ ìrù kọ́mà náà títí yóò fi ku àmì ìdánudúró. Ti ìyá mi ti di ìdánudúró lápá òsì, apá tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ìrù ti ọ̀tún sì ti ń kúrú. Òótọ́ ni pé àwọn àrùn kan wà tó jọ Parkinson tí àwòrán yìí kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀, àmọ́ ó yà á kúrò lára gbígbọ̀n ti ìdílé. Àríyànjiyàn àwọn dókítà wa parí síbẹ̀, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo levodopa, oògùn tí ọpọlọ ń sọ di dopamine.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya àwòrán yẹn yẹ lẹ́ni tí mo gbọ́dọ̀ yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló pè wá ṣáájú, tó ní kí n ka orúkọ gbogbo oògùn tí ìyá mi ń lò fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé pé àwọn oògùn kan, bíi bupropion tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, lè ba àwòrán jẹ́, torí ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, ó fún un ní áyódìnì mu kí abẹ́rẹ́ má bàa lọ kó jọ sínú ẹṣẹ́ thyroid ní ọrùn. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, èèyàn ní láti dúró fún wákàtí 3 sí 6 kí kámẹ́rà tó lè rí nǹkan gidi. Ó ń wá wò wá láàárín ìgbà yẹn. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ojú ń tì í pé ó ń gbọ̀n. Ọmọkùnrin náà ní, "Mama, ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Orí yín nìkan ni mo fẹ́ kó dúró." Ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ apá rẹ̀. Ìyá mi tú ọwọ́ náà sílẹ̀, kò sì mira títí kámẹ́rà fi parí yíyí rẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó rán wa létí pé kó máa mu omi dáadáa, kó sì máa tọ̀ lóòrèkóòrè fún ọjọ́ méjì.

Ìyẹn ló mú ká padà lọ síbẹ̀. Ìwé kan wà lára ògiri wọn tó ń sọ fún àwọn tó ní Parkinson pé kí wọ́n máa wá ya òmíràn lọ́dọọdún kí wọ́n lè mọ ibi tí àrùn dé. Ìwé yẹn gan-an ni mo ń bá wọn jà lé lórí. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ioflupane ní 2011, ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé kó ran dókítà lọ́wọ́ láti yẹ ẹni tí wọ́n fura sí wò. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oògùn náà pé a kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wúlò fún títọpa bí àrùn ṣe ń lọ tàbí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ yìí ti ní láti ka ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì yìí, kò sẹ́ni tó bi wá nípa oògùn tí ìyá mi ń lò. Ẹlòmíràn ló ya àwòrán, ó yára, kò sọ̀rọ̀. Ìwé èsì wá jáde pẹ̀lú nọ́ńbà: ibi tó ń tàn ti fi ìdá 18 nínú 100 dín kù, àti gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Mi ò kúrò níbi kántà. Mo ní kí ìyá mi jókòó, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè kọjá. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá nìyẹn, ó kí ìyá mi, ó rí ojú rẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí òun wo ìwé náà. Mo mú ti àkọ́kọ́ dání, ó gbé méjèèjì pa pọ̀. Ìka rẹ̀ dúró sí òkè ìwé, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀rọ sí. Ó ní, "Mà, kámẹ́rà yìí kọ́ la lò fún Mama nígbà yẹn." Ó lọ pe dókítà tó ń ka àwòrán.

Obìnrin náà jáde sí wa pẹ̀lú ìwé méjèèjì lọ́wọ́. Kò pè wá wọlé kó wá jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó fa àga sún mọ́ ìyá mi, ó sì tọrọ àforíjì kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ó ní nọ́ńbà yẹn kì í ṣe iye sẹ́ẹ̀lì tó kù. Wọ́n ń fi bí àárín ọpọlọ ṣe ń tàn wé ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ẹnu ọ̀nà dopamine kò ti pọ̀, wọ́n á sì wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Tí kámẹ́rà bá yàtọ̀, tí àwo onihò tó wà níwájú rẹ̀ bá yàtọ̀, tí ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bá yàtọ̀, nọ́ńbà á yí padà lórí ọpọlọ kan náà. Ó ní ọ̀pá aláṣọ méjì tí kò gùn bákan náà ni wọ́n fi wọn aṣọ kan, tí wọ́n wá ní aṣọ ti sún kì. Kódà lórí kámẹ́rà kan náà, bí wọ́n bá ya ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà kì í ṣe déédéé.

Ìyá mi bi í ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ̀: "Ṣé oògùn tí mo ń lò ló ń pa ọpọlọ mi?" Dókítà náà sọ fún un nípa ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ELLDOPA, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004. Àwọn 361 tí àrùn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó jọ. Àwọn kan lo levodopa, àwọn kan lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 40, wọ́n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì yẹ gbogbo wọn wò. Ara àwọn tó lo levodopa le ju ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán ọpọlọ tiwọn ló burú jù! Ó ní ó ṣeé ṣe kí oògùn náà fúnra rẹ̀ máa yí iye ẹnu ọ̀nà tí àwòrán ń kà padà, láìpa sẹ́ẹ̀lì kankan. "Mama, tí àwòrán bá ń sọ tirẹ̀, tí ẹsẹ̀ yín ń sọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ gbà gbọ́." Ìyá mi ṣí ìwé tó ti ká sí méjì, ó dá a padà fún un.

Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn olùwádìí fi ń lo àwòrán nígbà náà. Ó ní bíi ti PPMI, ìwádìí tí àjọ Michael J. Fox, òṣèré ará Amẹ́ríkà tó ní Parkinson, dá sílẹ̀ ní 2010, ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń yà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, lábẹ́ ìlànà kan náà, wọ́n á sì ṣàtúnṣe fún ìyàtọ̀ àárín kámẹ́rà. Tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á rí i pé ó ń dín kù. Ti ẹnì kan ṣoṣo ló ṣòro láti gbára lé. Ó tún mẹ́nu ba MRI tó ń wo àwọ̀ dúdú inú substantia nigra, ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine wà nínú ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní neuromelanin, àti èyí tó ń wo omi tó ń pọ̀ sí i níbẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kú. Ìyẹn wù mí púpọ̀, torí kò ní ìtànṣán. Ọwọ́ àwọn olùwádìí ló ṣì wà jù lọ. Fún ìyá mi, ó ní kí dókítà kan náà máa yẹ ìrìn àti ọwọ́ rẹ̀ wò, kí iye wákàtí tó ti lo oògùn sì máa dọ́gba nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé èsì tuntun jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kámẹ́rà méjèèjì kò ṣeé fi wéra. Orí kántà kan náà la ti gbà á, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́. Ìwé ara ògiri ṣì wà níbi tó wà. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn nípa rẹ̀, mi ò tíì rí èsì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ torí dókítà kò mọ̀ bóyá Parkinson ni tàbí gbígbọ̀n lásán, kó lọ láìfòyà. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ya èkejì láti mọ ibi tí àrùn dé, kó kọ́kọ́ béèrè ìwé oògùn náà kó kà á.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Kántà yẹn ì bá gba 1. Ọmọkùnrin yẹn àti dókítà yẹn ló gbà tó kù.