Mo san ₦30,000 kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ búlọ́ọ̀gì òwò: ohun tí èmi olóbì rí níbẹ̀

Obì ni mò ń tà ní Ṣàgámù. Gbànja ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ mo máa ń fi àbàtà díẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó bá ní ìgbéyàwó. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Tí lẹ́tà bá délẹ̀, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni mo ṣe sọ èyí: n kì í ṣe òǹkọ̀wé, n ò sì fẹ́ dà á.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé oníbàárà mi kan ní Kano fi òwò sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Baba yẹn ti rajà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́fà, a ò tíì jà rí. Ọmọ kò mọ̀ mí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá ẹni tí òun máa ra obì lọ́wọ́ ẹ̀, èmi ò sì sí níbẹ̀. Ọmọ mi ṣí Google wò lójú mi, ọ̀rọ̀ nípa ohun tí obì ń ṣe lára ló kún ibẹ̀ bámúbámú, a ò rí olóbì kankan láti ọjà Sábó wa ní Ṣàgámù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ẹni tí kì í ṣe òǹkọ̀wé náà lè kọ búlọ́ọ̀gì, ìyẹn àpilẹ̀kọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa bá a pe oníbàárà. Sátidé mẹ́fà, aago mẹ́wàá sí aago kan, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Màkún. Mo sanwó. N ò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹ̀dùn ọkàn tí mo fẹ́ sọ, n ò sì wá ìjà.

Sátidé àkọ́kọ́, ẹ fojú fò ó. Wọ́n ń wá epo jẹnẹrétọ̀ títí aago mọ́kànlá fi kọjá, wọ́n wá pín ìwé fún wa, gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀: télọ̀ méjì, bọ̀dá kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ìkẹ́nnẹ́, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde àríyá, àtàwọn mìíràn. Ọmọdébìnrin kan tí mo lè bí ni tíṣà wa. Ó ní kí kálukú lọ kọ ojú ewé kan nípa òwò ẹ̀ wá.

Mo jókòó kọ tèmi ní òru ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n da díẹ̀ kọ fún yín níbẹ̀:

"Obì jẹ́ èso pàtàkì tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé. Ní ọdún 1872 tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ di Ṣàgámù, àwọn baba ńlá wa ti mọ rírì obì. Iléeṣẹ́ wa jẹ́ iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, tó sì fi ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ṣáájú ohun gbogbo."

Inú mi dùn sí i. Mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Tíṣà kà á tán, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ta ló bi yín?"

Mo ní, "Ta ló bi mí ní kí ni?"

"Ta ló bi yín ní 1872? Ẹni tó fẹ́ ra agbọ̀n obì márùn-ún, ṣé ó bi yín ní ọdún tí wọ́n tẹ ìlú dó?"

N ò rí èsì fọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ó tún ní, "Iléeṣẹ́ yín yìí ńkọ́, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀?" Èmi àti ọmọ kan tó ń bá mi já ewé ni. Bọ̀dá oníbúlọ́ọ̀kù bú sẹ́rìn-ín, àfìgbà tó kàn án, tí tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Iléeṣẹ́ wa tó gbayì tó sì gbẹ̀yẹ." Nínú àwa mọ́kànlá, àwa mẹ́sàn-án la kọ "iléeṣẹ́ wa." Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ó jọ pé tí èèyàn bá ti mú bírò báyìí, ohùn ẹlòmíràn ló máa ń gorí ahọ́n ẹ̀.

Sátidé kejì ni mo rí èrè owó mi. Tíṣà ti ní kí a má kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yẹn, kí a kàn fi fóònù gba ohùn ara wa sílẹ̀ nígbà tí a bá ń tajà. Mo ki tèmi bọ àárín ewé lórí àtẹ, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Ìkòròdú ló bọ́ sí i. Ohùn ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi: "Ìyá Olóbì, èyí tí mo rà níjọ́sí, ọ̀sẹ̀ méjì péré, kòkòrò ti lu gbogbo ẹ̀!" Ẹ gbọ́ èmi náà bí mo ṣe ń dá a lóhùn:

"Inú ọ̀rá lẹ kó o sí, àbí? Èmi kì í kó obì tèmi sínú ọ̀rá. Ewé tútù lẹ máa tẹ́ sínú agbọ̀n, ẹ ó kó obì lé e, ẹ ó tún fi ewé bò ó lórí. Ẹ máa ṣí i wò. Èyí tí ẹ bá ti rí ihò kékeré lára ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹyọ kan tó ní kòkòrò ló máa kó ran èyí tó kù. Ewé tó bá gbẹ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn o, ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró sí i, ó máa rà ni."

Tíṣà fi í sétí gbogbo wa, ó wá dá a dúró. Ó ní, "Mà, àpilẹ̀kọ yín nìyẹn. Ẹ ti kọ ọ́ tán. Ẹ lọ dà á sórí ìwé bó ṣe wà." Ó ní ohun tí obìnrin yẹn bi mí ni kí n fi ṣe àkọlé: Kí ló dé tí kòkòrò fi lu obì mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Kí ìdáhùn sì wà ní ìlà àkọ́kọ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá, ewé, oòrùn, kálukú wọn ní ìpínrọ̀ tiẹ̀, gbólóhùn kúkúrú. Tí mo bá rí ọ̀rọ̀ tí n ò lè sọ lójú oníbàárà láìrẹ́rìn-ín, kí n pa á rẹ́. Bí "ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà" ṣe kú nìyẹn.

Ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ìlà àkọ́kọ́ yẹn. Bọ̀dá oníbúlọ́ọ̀kù ní àrífín ni kí èèyàn wọlé wẹ́rẹ́ láìkíni, pé àwa kọ́ la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí. Èmi náà, tí èèyàn bá dúró níwájú àtẹ mi, màá béèrè ilé, màá béèrè ọmọ kí a tó dé orí obì. Tíṣà gbà fún un pé kó kí wọn ní ìlà kan, ṣùgbọ́n kó dá wọn lóhùn ní ìkejì, torí ẹni tó ń kàwé lórí fóònù nínú mọ́tò lè má dé ìlà kẹta. Mo fara mọ́ ọn. Bọ̀dá kò gbà títí a fi parí, ìpínrọ̀ kan gbáko ló ṣì fi ń kíni, ó sì ń ta búlọ́ọ̀kù ẹ̀.

Sátidé kẹta, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń lò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò. Èyí ká mi lára. Mo ti kọ "gbànja" síbi gbogbo, ẹni tó wà ní Kano sì rèé, goro ló ń pè é, goro náà ló sì máa tẹ̀ tó bá ń wá a. Mo kọ pé "awẹ́ méjì" láìṣàlàyé. Tíṣà fúnra ẹ̀ kò mọ̀ pé awẹ́ méjì ni gbànja máa ń là sí, tí àbàtà ń là sí mẹ́ta, mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbànja dípò àbàtà nínú ẹrù ìyàwó. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ó ti di àpilẹ̀kọ kejì.

Ó tún ní kí n yé kọ "agbọ̀n ńlá," kí n kọ iye obì tó wà nínú ẹ̀. N ò kà á rí láyé mi. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi kà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, a gbàgbé iye lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé díẹ̀ ní 2,000. Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí tó tún béèrè bí agbọ̀n mi ṣe tóbi tó. Owó ẹ̀ sì rèé, mo máa ń kọ ọjọ́ tì í, torí obì máa ń pọ̀ lọ́jà láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá, iye tí mo bá kọ nígbà náà lè di ìjà tó bá di oṣù Kẹrin.

Sátidé kẹrin ni ti fóònù. Wọ́n kọ́ wa bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ sí i kó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Àwọn télọ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Èmi sọ tèmi ní gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará òkè Ọya, fóònù kò sì mọ gbànja. Gbogbo ibi tí mo ti pe gbànja, Banjo ló kọ. Pé a ti fọ Banjo dáadáa, a ti bó èèpo ara ẹ̀, a ti fi ewé wé Banjo sínú agbọ̀n. Ẹ mọ bí Bánjọ ṣe pọ̀ tó níhìn-ín. Àbúrò ọkọ mi kan tiẹ̀ ń jẹ́ ẹ, orúkọ tí èmi ìyàwó ilé kì í pè. Bọ̀dá Ìpẹ́rù ni mo ń pè é. Díẹ̀ ló kù kí n bó o, kí n dì í ránṣẹ́ sí Kano. Ọmọ mi ló rí i kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá kọ nǹkan tán, màá ní kó kà á sí mi létí, èmi á sì dijú. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa tún ṣe.

Ohun tí wọn ò kọ́ wa rèé, tó yẹ kí wọ́n kọ́ wa: àmì ohùn. Mo fi Yorùbá kọ iye tí mo ń ta "igba obi" láìfàmì sí i. Ọgọ́rùn-ún méjì ni mo ní lọ́kàn. Obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kà á sí igbá, ó gbé igbá ràgàjì wá sọ́jà pé kí n bu obì kún un ní iye yẹn. Ara ilé yín á rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Gboard, ìyẹn áàpù tí a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, ní àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ti ń lò ó. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n ní gẹ̀ẹ́sì ni kí n dojú kọ. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni obìnrin yẹn fi bá mi jà.

Sátidé karùn-ún àti ìkẹfà, ká má purọ́, wọ́n ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tíṣà wa kò wá mọ́, ọ̀gá wọn ló wá. Ó ní kí a máa fi "kola nut in Sagamu" sínú gbogbo ìpínrọ̀ kí Google lè gbé wa sókè. Mo ṣe é bó ṣe wí. Àpilẹ̀kọ kòkòrò tó dùn ún kà wá dà bí ẹni tó ń sínwín. Google fúnra wọn kọ ọ́ sínú òfin wọn pé àwọn ò fẹ́ kí èèyàn máa ki ọ̀rọ̀ kan náà bọ ibi gbogbo bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi fi hàn mí, mo sì yọ gbogbo ẹ̀ kúrò.

Ọ̀gá náà ló tún gba ₦12,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun máa ṣí wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún wa. Kò sí owó yẹn nínú ìwé tí mo rí lára ògiri. Oṣù méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ọmọ mi ṣí búlọ́ọ̀gì fún mi lórí Blogger, ojúlé búlọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́ ti Google, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kòbọ̀ kan kò jáde lápò mi, ibẹ̀ sì ni mo ń kọ ọ́ sí títí dòní.

Àpilẹ̀kọ mẹ́rin ni mo ti kọ. N ò ní parọ́ fún yín pé mo ti kọ́lé. Ọmọ Kano yẹn kò padà wá. Ẹni mẹ́ta tí n ò mọ̀ rí ló ti pè mí, ọ̀kan láti Zaria ra agbọ̀n mẹ́rin, ọ̀kan láti Ìbàdàn ra àbàtà 42 fún ẹrù ìyàwó, ẹnì kẹta kàn fẹ́ bá mi jiyàn lórí ewé ni. Ibi tó ti ṣe mí láǹfààní jù ni WhatsApp: ẹni tó bá ti bi mí nípa kòkòrò, màá kàn fi líǹkì yẹn ránṣẹ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mo máa ń sọ ọ́ lójúmọ́, ohùn mi á ha kí ọjà tó tú.

Tí ẹ bá ń tajà tí ẹ sì mọ ọjà yín lámọ̀dunjú, àmọ́ tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n tí ẹ bá mú bírò, Sátidé kejì àti ìkẹta nìkan tó ₦30,000 lójú tèmi. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ ti ń kọ̀wé díẹ̀díẹ̀, ẹ má lọ, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ nílé. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ọmọdébìnrin yẹn ló máa kọ́ yín títí dé òpin. Tí wọ́n bá sì dárúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹ di àpò yín mú. Mo lọ síbẹ̀ ní Mọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí Èkó. ₦12,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.