BIND, Unbound tàbí dnsmasq: èwo ló yẹ kí ẹ náwó lé ní Ìkòròdú?

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé sáfà DNS (èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà wá àdírẹ́sì nọ́ńbà tí orúkọ ìkànnì dúró fún) tiyín kalẹ̀ ní kafé Sábó tàbí nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́nà Èbúté, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sọ́fítíwíà fún yín. Ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwíà DNS mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, BIND, Unbound àti dnsmasq, lórí Linux. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa wà lórí rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó máa tò ó lẹ máa sanwó fún.

BIND ni àgbà láàárín wọn. Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ ISC (Internet Systems Consortium) ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ó lè bá yín wá àdírẹ́sì ìkànnì ẹlòmíràn, ó sì lè máa fi àdírẹ́sì ìkànnì tiyín dá gbogbo ayé lóhùn. Bí ẹ kò bá ní ìkànnì tí ẹ fẹ́ bójú tó fúnra yín, wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Bí àmì ; kan ṣoṣo bá sọnù nínú named.conf, fáìlì tí wọ́n fi ń tò ó, BIND kò ní dìde.

Unbound ni mo fọwọ́ sí fún kafé. NLnet Labs ní Netherlands ló ṣe é, wíwá àdírẹ́sì àti fífi í pamọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí oníbàárà kan bá ti ṣí ìkànnì JAMB, ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò ní dúró de ìwákiri mọ́. Kò ní sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà di èyí tó ń sáré o. Ìdúró kí ojú ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ló ń dín kù. Ẹ rí i pé onímọ̀ẹ̀rọ yín kọ ìlà méjì yìí sí i: interface: 0.0.0.0 àti access-control: 192.168.1.0/24 allow, tàbí nọ́ńbà tó bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín mu. Láìsí wọn, ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni Unbound máa dá lóhùn. Kó má sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, torí àwọn ọ̀daràn ń fi irú sáfà bẹ́ẹ̀ kọlu ẹlòmíràn.

Ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù kékeré? dnsmasq tó. Á pín àdírẹ́sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, á sì gbé ìbéèrè lọ bá sáfà mìíràn.

Ní ti ẹ̀rọ, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, kì í jẹ iná púpọ̀, àmọ́ bí iná bá ń lọ lójijì, káàdì SD rẹ̀ lè bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ràn, torí bátìrì rẹ̀ á gbé e dúró títí ẹ ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi HandleLidSwitch=ignore sínú logind.conf, fáìlì ètò kan nínú Linux, kó má bàa sùn tí ẹ bá pa á dé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì dúró wo bó ṣe máa pẹ́ tó.